Ọyẹ́ Dé Tán: Owó Ọbẹ̀ Náà, Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Ni

Òjò ti ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ìjẹta tí àwa mélòó kan lọ pàdé lọ́ọ̀rì ẹ̀wà ní ọjà Owódé, ètè ti ń gbẹ lẹ́nu, eruku sì ti bo orí páànù. Ẹni tó bá ti gbé Ọ̀fà pẹ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó kàn fún òun.

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ọdún ni a máa ń fi ojú ìwé yìí sọ ní irú àkókò báyìí: ta ló gbà á, ta ni kò rí gbà, ta ló ṣì ń jẹ gbèsè ti èṣí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọbẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn a ní, "Ṣé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló wá di ilé ìdáná báyìí?" Ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán.

Ohun tí àwa rí ni pé láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ń wọ ọ́fíìsì wa kì í ju méjì lọ. Ọ̀kan ni ti ọmọ tó fẹ́ san owó ilé-ìwé. Èkejì ni ti àìsàn: ikọ́ tí kò lọ, ọ̀fìnkìn tó di ibà, ìyá tí kò lè jókòó ti ọjà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo wa la máa ń dá ọyẹ́ lẹ́bi. Ọyẹ́ lẹ́bi o, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwa náà pín nínú ẹ̀bi yẹn, nítorí pé àsìkò tí ara ń fẹ́ oúnjẹ gbígbóná jù lọ lọ́dún, àsìkò yẹn gan-an ni owó ọbẹ̀ ilé wa máa ń kéré jù lọ. Aṣọ ọdún ti gbé e lọ.

Ẹ wo bí ọlọ́jà wa kan ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ nínú ọyẹ́. Aago márùn-ún ìdájí, ó ti jáde nílé, ó wé ìborùn mọ́ etí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó dé ìsọ̀, ó tú igbá, eruku ń wọ imú. Ó di nǹkan bí aago mọ́kànlá kí ó tó ra ẹ̀kọ tútù méjì, tàbí kí ó fi omi tútù rin gàrí. Bó bá di alẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè dáná. Wọ́n á ra búrẹ́dì, wọ́n á sùn. Bí ikọ́ bá dé lọ́jọ́ kẹrin, ó di ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísìtì: kóró aláwọ̀ méjì, kóró funfun, omi ikọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò owó, ẹ bá wa ṣírò iye tí ó ná lọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì, kí ẹ fi iye èrè ọjọ́ mẹ́ta tí ìsọ̀ rẹ̀ fi wà ní títì kún un. Kí ẹ wá bi ara yín léèrè iye ìkòkò gbẹ̀gìrì tí owó yẹn ìbá sè.

Kí ni ọyẹ́ gan-an ń ṣe fún wa? Atẹ́gùn láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni, ó sì ń gbé eruku bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Púpọ̀ nínú eruku yẹn ń wá láti ibi kòtò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ní orílẹ̀-èdè Chad. Òtútù rẹ̀ kò tó ti òyìnbó, ìyẹn dájú. Gbígbẹ tó gbẹ ni ìṣòro. Ó ń fa omi jáde lára wa láìjẹ́ pé a làágùn, ó ń mú inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun gbẹ. Ibẹ̀ sì ni ara fi ń mú ìdọ̀tí àti kòkòrò kó tó wọlé. Èyí tó wá burú jù ni pé nítorí òtútù, òùngbẹ kì í gbẹ wá bíi ti ìgbà oòrùn, nítorí náà a kì í mu omi tó. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, òtútù àti àìmu omi tó yìí lè dá ìrora egungun sílẹ̀ fún un. Àwọn òbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa mọ ohun tí à ń wí.

Ibí yìí ni ọbẹ̀ ti wọlé. Ọbẹ̀ olómi gbígbóná, omi ni ènìyàn ń mu láìmọ̀ pé omi ni òun ń mu. Iyọ̀ wà níbẹ̀, ẹran tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀, ooru rẹ̀ ń tú imú tó dí. Àwọn ìyá wa mọ èyí kí dọ́kítà tó dé. Àwọn onímọ̀ náà ti yẹ̀ ẹ́ wò: ní ọdún 2000, àwọn oníṣègùn kan ní yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà fi omi ọbẹ̀ adìẹ ṣe àyẹ̀wò nínú ìgò, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ìrìn àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kù, ìyẹn àwọn tó ń pọ̀ jọ sínú imú àti ọ̀fun, tí wọ́n ń mú kí ó wú nígbà ọ̀fìnkìn. Ní 2008 àwọn mìíràn ní Cardiff, ní Wales, fún àwọn tí ọ̀fìnkìn ń ṣe ní ohun mímu èso gbígbóná. Ara rọ̀ wọ́n ju ìgbà tí wọ́n mu irú kan náà lọ láìgbóná.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ tiwa kó wá fi ọbẹ̀ rọ́pò ọsibítù o! Ọbẹ̀ kò pa kòkòrò àrùn. Ikọ́ tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọmọ tí ibà gbé, tí orí ń fọ́, tí ọrùn rẹ̀ gan tí kò lè tẹ̀ ẹ́ síwájú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Àrùn tí àwọn Haúsá ń pè ní sankarau lè nìyẹn, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ sì ni ó máa ń jà. Kíá, ẹ gbé e lọ.

Ó yá, irú ọbẹ̀ wo? A kò ní kí ẹ lọ pa màlúù. Ọlọ́run dá a sílẹ̀ pé ohun tó yẹ kí a jẹ nínú ọyẹ́ ni ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ń mú wá. Ẹ wo ìṣápá. Ìparí òjò ló máa ń pọ̀ lọ́jà, àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú a sì sá a gbẹ títí ọdún yóò fi yí po. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún omi kíkan rẹ̀ dànù, ẹ fi ẹ̀gúsí, irú àti ẹja gbígbẹ sè é. Ẹja Jẹ́bà ni àwa fẹ́ràn. Bí iyán gbígbóná bá pàdé ìṣápá ní alẹ́ ọyẹ́, kò sí ẹni tí yóò rántí ìborùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n sè mọ́. Wọ́n ní ó kan. Ṣebí ẹ ò fún un ni!

Gbẹ̀gìrì ńkọ́? Ẹ̀wà ni ẹran tálákà. Ẹ bó o, ẹ sè é kó rọ̀, ẹ fi ìjábẹ̀ lù ú, ẹ fi ata, epo àti irú sí i. Ìkòkò kan ń jẹ́ kí ilé ènìyàn mẹ́fà yó láìsí ègé ẹran kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúnlá, èyí tí a sá nígbà tí ilá pọ̀ lójú òjò. Nígbà tí ewédú bá gbówó lórí nínú ọ̀gbẹlẹ̀, orúnlá wà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London, tí òtútù tiwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa rárá, irú àti orúnlá ni wọ́n ń bẹ̀ wá pé ká fi ránṣẹ́ sí àwọn. Àwa tí a wà nídìí rẹ̀ wá ń fi búrẹ́dì sùn.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, adìẹ ìbílẹ̀ olómi ni: atalẹ̀, aáyù, àlùbọ́sà, ẹ̀ẹ̀rù díẹ̀, ata níwọ̀nba, kí ẹ já ewé èfìnrín sí i bó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ bu ti ọmọdé kúrò kí ata tó wọ̀ ọ́. Kí ẹ sì dín mágí kù. A rí àwọn tó ń ja mágí mẹ́fà sínú ìkòkò kan, tí wọ́n tún ń bu iyọ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ lágbàlá wa ju kí a máa se iyọ̀ jẹ lọ. Irú tó dára yóò ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ní ti àárọ̀, ẹ̀kọ mímu gbígbóná kò wọ́n. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin, ti ra fùláàsì kan láti èṣí. Ọ̀gì bàbà ló ń rọ sínú rẹ̀ láàárọ̀, ó ń rọ omi ọbẹ̀ sínú èkejì. Àwọn aládùúgbò ìsọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó ń lọ sí óko ìjọba. Nígbà tó di oṣù Kìíní, òun ló ń bá mẹ́ta nínú wọn ṣọ́ ọjà.

A fẹ́ bá àwọn ọkọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ máà bínú. Iye owó ọbẹ̀ tí ẹ ń fi sílẹ̀ lójú òjò, nígbà tí ẹ̀fọ́ tútù kún ẹ̀yìnkùlé, kò lè tó nínú ọyẹ́ nígbà tí ẹ̀fọ́ ti gbẹ. Àwọn kan a ní ìyàwó náà ń tajà. Òótọ́ ni, ó ń tajà. Owó ọjà yẹn sì ni a ó fi ra ọjà mìíràn. Ìyá tó bá ń bu owó ọjà sínú ìkòkò ọbẹ̀ lójoojúmọ́, oṣù Kẹta kò ní bá a lórí ìsọ̀, ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ tó gbà yóò sì di ohun tí onígbọ̀wọ́ ń san. A ti rí i. Onígbọ̀wọ́ mìíràn tún jẹ́ ọkọ náà gan-an.

Èyí ló mú wa dé ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe. Gbogbo ohun ọbẹ̀ ló ní ìgbà tirẹ̀, ọlọ́jà sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wà tuntun láti òkè Ọya ń dé ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, nígbà náà ló ń rọjú. Epo pupa pọ̀ láti oṣù Kẹta lọ títí kan oṣù Kẹfà. Ẹni tó bá dúró di Kérésìmesì kí ó tó ra kẹ́ẹ̀gì epo, ó fẹ́ ra ìyà ni. Tòmátì àwọn Haúsá tí wọ́n ń bomi rin ń kún ọjà láti oṣù Kìíní sí Kẹta. Àlùbọ́sà ní tirẹ̀ máa ń wọ́n gógó ní ìparí ọdún, ó ń wálẹ̀ bí ti tuntun bá ti jáde lẹ́yìn oṣù Kìíní. Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń bá wa gbẹ iṣu fún èlùbọ́. Ta ló wá yẹ kó jẹ àǹfààní ìmọ̀ yìí ju àwa tí a ń ta á lọ? Síbẹ̀, ìgbáwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ra ẹ̀wà tí yóò jẹ nílé.

Bí ẹgbẹ́ bá ra ogún àpò ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ olówó lọ́ọ̀rì, iye tí yóò sọ pé òun gbà kì í ṣe iye tí ìgbáwọ́ ń gbà. Kí a pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́, kí a máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣooṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ẹ̀yáwó ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó tí kò lè di aṣọ àǹkárá.

Ẹ rántí ọyẹ́ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yí owó náírà padà, tí káàsì di ohun tí a ń tò fún ní bánkì láti ìdájí. Oṣù Kejì yẹn, ọjà wà nílẹ̀, kò sí owó tí a ó fi rà á. Ẹni tó ní ẹ̀wà nínú kẹ́ẹ̀gì, tó ní orúnlá àti ẹja gbígbẹ, kò wá káàsì kí ó tó jẹun. Àwọn mìíràn nínú wa, tí owó wọn wà ní bánkì, omi gàrí ni wọ́n fi là á já. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ni wọ́n tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí owó ọkọ̀ fò sókè tí kò tíì padà sílẹ̀. Lílọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ohun tí a lè rà lẹ́ẹ̀kan, owó mọ́tò ni a ń se jẹ.

Ní ti ìpamọ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ o. A kò gbọdọ̀ rí ọmọ ẹgbẹ́ kankan kó máa wọ́n oògùn apakòkòrò dichlorvos sí ẹ̀wà. Ó ń pa ènìyàn. NAFDAC ti pariwo rẹ̀ títí, ní 2019 wọ́n sì ka títa ìgò kékeré rẹ̀ léèwọ̀. Kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ẹ rọ kún dé ẹnu, tí ẹ dé pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé, tó. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń tà fún ẹ̀wà náà ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí èémí mí, á kú fúnra rẹ̀. Gàrí àti èlùbọ́ náà gbọ́dọ̀ ní ìdérí, nítorí eku. Nígbà tí wọ́n bá ti dáná sun igbó nínú ọ̀gbẹlẹ̀, inú ilé ni eku ń sá wá, eku ló sì ń gbé ibà Lassa kiri, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno. Gàrí tí eku ti tọ̀ sí, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dà á nù.

A kò sì lè parí ọ̀rọ̀ ooru ilé láìsọ ti èédú. Lọ́yẹ́ tó kọjá, ẹnìkan nínú wa sè ọbẹ̀ tán lórí àdògán eléèédú, ó wá gbé àdògán náà wọ yàrá kí àwọn ọmọ lè yáná, ó ti fèrèsé pa. Ọpẹ́ ni pé àgbà ilé kan jí tọ̀ lóru. Ó bá wọn níbi tí orí ti ń yí wọn, tí ọ̀kan ń bì, tí ìyá wọn kò lè dìde. Èédú tó pupa dáadáa, tí kò rú èéfín, ń tú atẹ́gùn olóró kan jáde tí kò ní òórùn. Ènìyàn ò ní mọ̀, oorun ni yóò máa rò pé ó ń kun òun. Ìta ni àyè èédú. Bí ilé bá tutù, ọbẹ̀ gbígbóná ni kí ó wọ yàrá, pẹ̀lú aṣọ ìbora.

Fún àwọn tó ṣì ń bèèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ nínú ìkòkò: òfin àkọ́kọ́ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà, 1935 ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tí a kọ́ ọ̀nà yìí lọ́dọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1844, nínú òtútù líle, ni àwọn ènìyàn bíi méjìdínlọ́gbọ̀n ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ahunṣọ pọ̀ nínú wọn, owó iṣẹ́ wọn kò sì tó nǹkan. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ tà? Bọ́tà, ṣúgà, fúláwà, ọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ, àti àbẹ́là. Ohun ìdáná àti iná alẹ́! Wọn kò fi ẹ̀yáwó aṣọ bẹ̀rẹ̀.

A ò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà kan tí ẹgbẹ́ wa dán an wò pẹ̀lú epo pupa. Àwọn kan gba kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, àwọn kan kò rí ọ̀kan, omi sì wà nísàlẹ̀ òmíràn. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ó jẹ́ àwọn obìnrin alátà mẹ́ta tó mọ ẹ̀wà lójú ni yóò lọ rà á, kí a wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì lẹ orúkọ ẹni tó gbà àti iye tó gbà mọ́ ara ògiri. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a rí orúkọ òun, kó lọ ra ìgbáwọ́ tirẹ̀.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé oṣù yìí, kí lọ́ọ̀rì ẹ̀wà tó gbówó lórí. Ẹ wá sọ tẹnu yín, ẹ̀yin tí kò fara mọ́ ọn náà. Kí ẹni tó bá sì ní kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó ní ìdérí máa fọ̀ ọ́ sílẹ̀, kó sá a sóòrùn kó gbẹ.